Owó àti òmìnira láti yí yunifásítì padà: ohun tí ìwé àwọn ọmọ wa tó ń ṣeré ní Amẹ́ríkà kọ́ mi

Ọmọ méjì nínú ilé wa ní Maryland ló ń ṣeré fún yunifásítì. Ọmọ mi obìnrin, tí a bí síhìn-ín, ń sá eré irinwó mítà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó wá láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1, ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ti kúrò ní yunifásítì tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, ọwọ́ mi sì ni gbogbo ìwé ìrìn náà gbà kọjá. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn òbí Yorùbá tí fóònù wọn ń dún báyìí, tí kóòṣì tí wọn kò rí rí ń dárúkọ owó fún wọn. Owó náà lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ohun tí ọmọ lè pàdánù nínú ìrìn náà kì í pariwo bí owó ṣe ń pariwo. Inú ìwé ló máa ń sá pamọ́ sí.

Nígbà tí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ń gbá bọ́ọ̀lù fún University of Houston láàárín 1981 sí 1984, owó ilé-ìwé, ibùgbé, oúnjẹ àti ìwé kíkà ni òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré yunifásítì ní Amẹ́ríkà, gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ eléré rí. Nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba ipò kìíní NCAA nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà onídènà fún University of Texas at El Paso lọ́dún 2017, òfin náà ṣì dúró gbọn-in: ẹni tó bá gba owó ilé-iṣẹ́ bàtà ti dágbére fún eré yunifásítì nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ló mi ògiri yẹn ní June 21, 2021, nínú ẹjọ́ Alston tí àwọn eléré pe NCAA, tí adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi ohùn kan dá. Láti ìgbà náà ni yunifásítì ti lè fún eléré ní owó ẹ̀yẹ ẹ̀kọ́ tó 5,980 dọ́là lọ́dún. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí NCAA fi yọ̀ǹda, ní July 1, kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ, àwòrán àti ìrísí wọn gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ìta. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NIL nìyẹn. Ní June 6, 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ House, tí àwọn eléré tún pe NCAA: nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là fún àwọn tó ti ṣeré láti 2016, àti láti July 1, 2025, yunifásítì tó bá wọ inú àdéhùn náà lè san owó fún àwọn eléré rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó fi dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún ọdún àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ ni àwọn òbí ti máa ń gbọ́ mílíọ̀nù tí wọn kì í bi í pé ti eré wo. Nínú ìlànà tí wọ́n fi pín bílíọ̀nù 2.8 yẹn, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kó nǹkan bíi 75 nínú ọgọ́rùn-ún, bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ọkùnrin kó 15, ti obìnrin gba 5, gbogbo eré yòókù sì jọ pín 5 tó kù. Yunifásítì tó bá fi ìpín yẹn ṣe àwòkọ́ṣe, mílíọ̀nù kan dọ́là àti díẹ̀ ni yóò kù fún gbogbo àwọn tó ń sáré, tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń gbá tẹ́níìsì, tó ń ju òkò. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń sáré bíi ti tèmi, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ṣì ni olórí owó yín, òun ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gan-an sì ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, iye ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí eré orí pápá lè pín ní òdiwọ̀n: 12.6 fún àwọn ọkùnrin, 18 fún àwọn obìnrin, kóòṣì a sì gé e wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ní yunifásítì tó wọ àdéhùn House, òdiwọ̀n yẹn ti lọ. Iye ènìyàn inú ẹgbẹ́ ni wọ́n wá ń kà: 45 fún eré orí pápá, 15 fún bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, 105 fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Yunifásítì lè fún gbogbo àwọn márùn-dín-láàádọ́ta ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó pé, òfin kò sì fi dandan lé e. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré láìgba kọ́bọ̀, tí wọ́n fẹ́ràn eré náà tọkàntọkàn, ni òfin tuntun yìí kọ́kọ́ lé sẹ́yìn, ó sì dùn mí gan-an. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kóòṣì pé: ṣé ọmọ mi wà nínú iye náà lọ́dún yìí? Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rẹ̀? Ọdún kan ni àbí títí yóò fi gboyè? Bí ó bá fara pa ńkọ́? Kí ìdáhùn rẹ̀ wá nínú ímeèlì.

Ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sábà máa ń wà nílẹ̀, àwọn ìdílé sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni ìwé ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Èkejì ni ìwé tí yunifásítì fi ń san owó fún ọmọ lábẹ́ àdéhùn House. Ẹ̀kẹta ni ti ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ olólùfẹ́ tó fẹ́ lo orúkọ rẹ̀. Èkíní kò dá èkejì dúró. Ọmọ lè pàdánù owó oṣù kí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ṣì wà, ó sì lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní September 2024, Matthew Sluka, tó ń darí ìkọlù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún UNLV, yunifásítì kan ní Las Vegas, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láàárín sáà, lẹ́yìn tí wọ́n ti borí nínú ìfigagbága mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ṣojú rẹ̀ sọ pé igbákejì kóòṣì kan ló fẹnu ṣèlérí 100,000 dọ́là fún un. Yunifásítì ní kò sí àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí? Jaden Rashada, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà mìíràn, tilẹ̀ ní ìwé lọ́wọ́, àdéhùn tí wọ́n ní ó lé ní mílíọ̀nù 13 dọ́là, tó so ó mọ́ University of Florida. Síbẹ̀ àdéhùn náà túká kí ó tó wọ ilé-ìwé. Arizona State ló padà lọ, ó sì pe kóòṣì Florida àti àwọn mìíràn lẹ́jọ́ ní 2024. Nítorí náà, ẹ wo ẹni tó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì bi í pé ní báńkì wo ni owó náà wà.

Nígbà tí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ewé tí iye owó wà ni gbogbo ilé ń wò. Àwọn ojú ewé tó tẹ̀lé e ni mo jókòó tì pẹ̀lú lọ́yà, ibẹ̀ sì ni àyà mi ti já. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní ilé-iṣẹ́ náà lè máa lo àwòrán ọmọ "títí láé, ní gbogbo ayé, lórí ohunkóhun". Ìyẹn ni pé bí ó bá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́la, fọ́tò ìgbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ṣì jẹ́ tiwọn. Lọ́yà fa igi lé e, ó kọ "títí di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn òpin àdéhùn", wọ́n sì gbà láìjà. Mo ti rí i báyìí pé ọ̀pọ̀ gbólóhùn tó le jù nínú ìwé wọ̀nyí wà níbẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n yọ wọ́n.

Gbólóhùn tó léwu jù ni èyí tó ń sọ nípa kíkúrò. Àwọn yunifásítì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ọmọ bá lọ ṣáájú àkókò, ó jẹ wọ́n ní owó. Ẹgbẹ́ eré University of Georgia ń wá 390,000 dọ́là lọ́wọ́ Damon Wilson, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó kúrò lọ sí Missouri. Ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣírò owó ìtanràn náà: ṣé iye tí ọmọ ti gbà ni yóò dá padà, àbí iye tí kò tíì gbà rárá? Èkejì burú ju èkíní lọ fíìfíì. Ẹ tún bèèrè ẹni tí yóò san án bí wọ́n bá lé kóòṣì, tàbí bí yunifásítì fúnra rẹ̀ bá yọ ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́. Kí ìwé sọ ọ́ kedere pé ọmọ kò jẹ gbèsè nínú irú ìyẹn.

Èyí tó sì jọ ẹ̀bùn, tó jẹ́ pé awin ni: Gervon Dexter, nígbà tó wà ní Florida lọ́dún 2022, gba 436,485 dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Big League Advance. Ohun tó fi dúró ni ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá rí nínú NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ jẹun, fún ọdún 25, kí wọ́n tó yọ owó orí. Ó padà lọ sílé-ẹjọ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí "ìdá nínú owó ọjọ́ iwájú" nínú ìwé kankan, ẹ ti ìwé náà padà.

Aṣojú ńkọ́? Nínú NFL, aṣojú kò lè gbà ju 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lórí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù. Nínú NIL kò sí irú ààlà yẹn fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn kan ń gba 10, àwọn mìíràn 20. Èmi kì í gbà kí aṣojú jẹ nínú ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tàbí nínú owó tí yunifásítì ti ń fún gbogbo ẹgbẹ́ kí ó tó dé. Ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá ni kí ó jẹ nínú rẹ̀, kí ìdílé sì lè fi ìwé ọgbọ̀n ọjọ́ já a sílẹ̀.

Àdéhùn pẹ̀lú ará ìta tó bá tó 600 dọ́là, ọmọ gbọ́dọ̀ gbé e sórí NIL Go, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń yẹ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wò, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Deloitte ló ń ṣe ètò náà, College Sports Commission ló sì ń dájọ́. Ohun méjì ni wọ́n ń wò: ṣé iṣẹ́ gidi kan wà tí ọmọ ń ṣe, ṣé owó náà sì bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu? Ìwé tó kàn ní "ìpolówó" lásán ni wọ́n máa ń dá padà. Kí ó sọ iye fọ́tò tàbí fídíò, ọjọ́ tí wọn yóò jáde, iye wákàtí tí ọmọ yóò lò ní ṣọ́ọ̀bù, àti iye owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó tún sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí NIL Go bá kọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá ti ná owó tán kí ìdájọ́ tó dé, wàhálà dé nìyẹn.

Owó orí ló máa ń bá àwọn ọmọ lójijì. Ẹni tó ń san owó NIL kì í yọ owó orí sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù 1099, tó ń sọ iye tó san, ni yóò fi ránṣẹ́ ní January, ìjọba sì ti ka ọmọ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 40,000 dọ́là ṣàpẹẹrẹ. Ṣáájú owó orí gangan, owó orí ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn ń bẹ lórí ìdá 92.35 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, ìyẹn nǹkan bíi 5,652 dọ́là. Bí aṣojú bá gba 20 nínú ọgọ́rùn-ún, 8,000 dọ́là tún ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè yọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó iṣẹ́ kí ìṣírò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí àpò báńkì ọ̀tọ̀, kí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó kọ̀ọ̀kan wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń san án: April 15, June 15, September 15, àti January 15 ọdún tó tẹ̀lé e. Owó yìí sì tún máa ń hàn nínú FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ó lè dín Pell Grant, owó ìrànwọ́ tí a kì í dá padà, kù ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà.

Ó kan kíkúrò wàyí. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá yí yunifásítì padà nínú àwọn eré ńlá gbọ́dọ̀ jókòó lọ́dún kan láìṣeré. Portal, àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tó fẹ́ yí yunifásítì padà sí, dé ní October 2018. Ní 2021 wọ́n gbà kí ọmọ lọ lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ní December 2023, Adájọ́ John Preston Bailey ní West Virginia dá ìyókù òfin náà dúró, nígbà tó sì di April 2024, NCAA gbà kí ọmọ máa lọ iye ìgbà tó bá fẹ́, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti dúró dáadáa. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Eré kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ tí portal fi ń ṣí, ó sì ń yí padà. Ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà di January 2 sí 16 ní 2026, wọ́n sì pa ti ìgbà ìrúwé rẹ́. Ọmọ yóò wo ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí NCAA ṣètò, yóò kọ̀wé sí ọ́fíìsì compliance yunifásítì rẹ̀, àwọn tó ń rí sí i pé a tẹ̀lé òfin NCAA, wọ́n sì ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì láti fi orúkọ rẹ̀ sí i. Kóòṣì ibòmíràn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a sọ̀rọ̀ kí orúkọ tó wọlé. Kété tó bá ti wọlé, yunifásítì tó wà lè dá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní òpin sáà ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn ni pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lè tì kí tiwájú tó ṣí. Mo mọ̀ bí alẹ́ ṣe ń gùn nígbà tí orúkọ ọmọ wà níbẹ̀ tí fóònù kò dún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: kí orúkọ tó wọ portal, ẹ ti gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, àbájáde ìdánwò, ìwé ìtọ́jú ìlera, àti àwòrán MRI orí díìsìkì. Ó rọrùn láti gbà wọ́n nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí ọmọ dáwọ́ kíláàsì dúró nígbà tó ti mọ̀ pé òun ń lọ. Òfin ní kí ó yege nínú kírẹ́díìtì mẹ́fà ó kéré tán ní sáà tó kọjá, àti 18 láàárín ọdún ẹ̀kọ́. Ọmọ tó bá fi sáà ìkẹyìn ṣòfò kò ní lè wọ pápá níbi tuntun, bó ti wù kí ó yára tó.

Èyí tó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn ni kírẹ́díìtì tí wọ́n gbà wọlé àmọ́ tí wọn kò kà. NCAA ní kí ọmọ ti ṣe ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dìgírì rẹ̀ kí ọdún kẹta tó bẹ̀rẹ̀, 60 kí ọdún kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, 80 kí ìkarùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní dìgírì jẹ́ kírẹ́díìtì 120, ọmọ gbé 60 lọ lẹ́yìn ọdún méjì, ó rò pé òun ti ṣe ìdajì. Yunifásítì tuntun gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n 42 péré ló bá dìgírì tó yàn mu. Ìyókù di ohun tí ó wà lórí ìwé lásán. Ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, kírẹ́díìtì 48 ló sì yẹ kí ó ní, nítorí náà kò lè ṣeré àfi bí ó bá ka kọ́ọ̀sì méjì oníkírẹ́díìtì mẹ́ta-mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn méjèèjì sì wọ dìgírì náà. Ta ni yóò sanwó ẹ̀ẹ̀rùn? Àwọn tó ń kà nọ́ọ̀sì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni èyí ń bá jà jù, nítorí kọ́ọ̀sì wọn ń tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn. Ọmọ mi obìnrin ń ka nọ́ọ̀sì, ibi yìí sì ni yunifásítì kan tó ń fún wa lówó jù ti já bọ́ lọ́wọ́ wa. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ní kí wọ́n fi degree audit, ìwé tó ń fi kírẹ́díìtì tó wọ dìgírì hàn, ránṣẹ́ kí ọmọ tó buwọ́ lu ohunkóhun, kí ó sì wá láti ọ́fíìsì registrar. Kóòṣì tó bá ní "a máa bójú tó o" kò tíì fún yín ní nǹkan kan.

Fún ọmọ tó wá pẹ̀lú físà F-1, gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè nípa owó yí padà. Físà náà gba iṣẹ́ ogún wákàtí lọ́sẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, ti ìta sì gba àṣẹ ọ̀tọ̀. Fídíò ìpolówó tí ó ṣe ní Amẹ́ríkà lè di iṣẹ́ aláìgbàṣẹ, kódà bó jẹ́ bàtà ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi san án. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ aláìgbàṣẹ sì ti ba ipò rẹ̀ jẹ́, ọ̀nà àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní reinstatement kò sí fún un. Lórí owó tí yunifásítì ń san fúnra rẹ̀, ohùn àwọn lọ́yà kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ń wá físà P-1A ti àwọn eléré tàbí O-1A ti àwọn tó ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ dípò. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tó gbá bọ́ọ̀lù fún Kentucky, lo àǹfààní ìrìn àjò ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Bahamas ní 2022 láti ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà. Ọ̀nà yẹn ti há fún ọmọ Nàìjíríà, nítorí ní July 2025, wọ́n sọ físà tuntun tí wọ́n ń fún wa di ti oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tó sì di January 1, 2026, Amẹ́ríkà dá físà F-1 tuntun dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Kí ọmọ tó bá ẹgbẹ́ jáde, kí DSO, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kọ ọ́ sílẹ̀ bí yóò ṣe padà wọlé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò buwọ́ lu ìwé NIL kankan. Ó dun òun, ó sì dun èmi náà, nítorí àwọn tó jọ ń wọ aṣọ kan náà ń rí owó lójú rẹ̀. Síbẹ̀ gbèsè kan yọ lórí àkáǹtì rẹ̀ ní yunifásítì: ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó bo ibùgbé àti oúnjẹ ní owó orí, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń yọ lára àwọn tó wà lórí F-1. Kò sí àdéhùn owó orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà tí yóò gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ béèrè iye rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì rí i pé ọmọ ń fi fọ́ọ̀mù 8843 ránṣẹ́ sí àjọ owó orí lọ́dọọdún, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 1040-NR bí owó orí bá wà.

Bí ọmọ tó wà lórí F-1 bá fẹ́ yí yunifásítì padà, portal nìkan kò tó. Lẹ́tà ìgbaniwọlé tuntun ni yóò kọ́kọ́ gbà, yóò mú un lọ bá DSO ibi tó wà, wọn yóò jọ mú ọjọ́ tí wọn yóò tú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú SEVIS, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ó ṣì lè yí ọkàn padà. Tó bá ti pé, yunifásítì tuntun nìkan ló láṣẹ lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kí ó má fi kíláàsì sílẹ̀ ṣáájú, kírẹ́díìtì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 12. Ẹ̀kọ́ tuntun gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún. Nígbà tí I-20 tuntun, ìwé tí yunifásítì fi ń jẹ́rìí sí ipò F-1 rẹ̀, bá dé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ wo nọ́ńbà SEVIS tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N: kí ó jẹ́ ọ̀kan náà, kí orúkọ rẹ̀ sì bá ti ìwé ìrìnnà mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.